Ta ni wọ́n gbé ìbòjú fún? Àkọsílẹ̀ yíyan òṣèré fún eré ayé ọjọ́ iwájú kan ní Òṣogbo

Wàhálà yìí kò bẹ̀rẹ̀ níwájú kámẹ́rà. Inú ìwé pélébé kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ló ti bẹ̀rẹ̀, ìwé tó ń pe àwọn òṣèré wá síbi ìdánwò. Ẹgbẹ́ eléré kan ní Òṣogbo fẹ́ ṣe eré àròsọ sáyẹ́ǹsì alápá mẹ́fà ní èdè Yorùbá, fún tẹlifíṣọ̀n àti YouTube. Ìtàn náà kò le: ọkọ̀ sánmà kan gbéra kúrò láyé, àwọn tó wà nínú rẹ̀ wá láti ìlú oríṣiríṣi, ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, wọ́n sì balẹ̀ sí ayé kan tí àwọn ẹ̀dá mìíràn ti ń gbé. Ilé ìkẹ́rùsí kan lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán ni wọ́n fi ṣe inú ọkọ̀. Igbó ẹ̀yìn Ìlobùú ni wọ́n fi ṣe ayé kejì, nítorí kò sẹ́ni tó máa kó ẹ̀dá onírọ́bà wọ igbó Ọ̀ṣun kó ní eré lòun ń ṣe. A ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà tàbí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe tiwọn nìkan.

Ohun tó wà nínú ìwé ìpè náà nìyí:

Ọ̀gá ọkọ̀: obìnrin, ọdún 35 sí 45, pupa, kó mọ Gẹ̀ẹ́sì sọ dáadáa.
Dókítà: ọkùnrin, pupa, tàbí òyìnbó bí a bá rí.
Onímọ̀ ẹ́ńjìnnì: ará Ṣáínà. Bí kò bá sí, ọmọ wa tí ojú rẹ̀ kéré.
Ẹ̀ṣọ́ kìn-ín-ní: dúdú, gíga, alágbára. Ẹ̀ṣọ́ kejì: Hausa.
Ará ayé kejì, ẹni mẹ́rin: àfín. Kò sí ọ̀rọ̀.

Ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní ohun tí òun ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n lòun kọ, òótọ́ ló sì sọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, obìnrin kan tó jẹ́ àfín wá láti ka ipa dókítà. Ó ti ṣe eré orí ìtàgé rí, ohùn rẹ̀ sì ń dún. Kó tó jókòó, wọ́n ti na ìwé ará ayé kejì sí i. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ojú ewé wo ni ọ̀rọ̀ tèmi wà?" Olùdarí dá a lóhùn pé, "Àbúrò, ipa yẹn ò lọ́rọ̀. Àwọ̀ ẹ ló máa sọ̀rọ̀ fún ẹ." Obìnrin náà dá ìwé padà, ó dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń bá wọn yan òṣèré, màmá kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, dá ìdánwò dúró, ó ní kí wọ́n gbé ìwé eré mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá.

Ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ

Nínú eré àròsọ sáyẹ́ǹsì, ẹ̀dá ayé mìíràn ni ẹni tí kò jọ "àwa". Ibi tí "àwa" yẹn bá dúró sí ló ń pinnu ẹni tí rọ́bà yóò kàn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí "àwa" ti jẹ́ òyìnbó, ó wọ́pọ̀ kí òṣèré aláwọ̀ dúdú bọ́ sábẹ́ ìbòjú. Michael Dorn ṣe Worf, ẹ̀dá ayé mìíràn, nínú Star Trek méjì (eré ọkọ̀ sánmà orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà) láàárín 1987 sí 1999, sáà 11 lápapọ̀, pẹ̀lú iwájú orí oníkókó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. Tony Todd tó ṣe àbúrò rẹ̀, abẹ́ irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ lòun náà wà. Ti LeVar Burton, òṣèré dúdú mìíràn nínú Star Trek, yàtọ̀ díẹ̀. Ojú rẹ̀ wà gbangba, ṣùgbọ́n irin kan bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì fún sáà méje gbáko, àfi ìgbà tí fíìmù 1996 jáde kí wọ́n tó yọ ọ́. Ẹyinjú sì rèé, òun ni òṣèré tẹlifíṣọ̀n fi ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà wà ńbẹ̀. Nichelle Nichols, obìnrin dúdú, ṣe Uhura nínú Star Trek àkọ́kọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1966 dé 1969. 2009 ni wọ́n tó pe orúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú fíìmù. Ọ̀rọ̀ oyè náà wà ńbẹ̀: Avery Brooks tó ṣe Sisko, ọ̀gá nínú Star Trek mìíràn, bẹ̀rẹ̀ ní 1993 gẹ́gẹ́ bí kọmáńdà, ó di ìparí sáà kẹta ní 1995 kó tó di kápútéènì, nígbà tó jẹ́ pé àwọn òyìnbó tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e ti jẹ́ kápútéènì láti ìpín àkọ́kọ́. Sonequa Martin-Green dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: 2017 ni eré tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀, 2021 ló jókòó sórí àga ọ̀gá. Tàbí kí a wo dókítà M'Benga, ipa aláwọ̀ dúdú nínú Star Trek kan náà. Booker Bradshaw ṣe é ní ìpín méjì péré, 1968 àti 1969, ó wọlé, ó jáde. Ó tó ọdún 2022 kí ipa kan náà tó di ti ẹni tó ń hàn ní gbogbo sáà, Babs Olusanmokun, ẹni tí wọ́n bí ní Èkó, ló sì gbé e. Ipa kan náà ni, àwọ̀ kan náà. Iye ìgbà tí ìtàn nílò rẹ̀ ló yí padà.

Màmá náà ka gbogbo èyí kalẹ̀ fún wọn kó lè fi hàn wọ́n pé ìwé ìpè wọn kò yàtọ̀. Wọ́n kàn sún "àwa" kúrò ní ibì kan lọ sí ibòmíràn ni. "Àwa" di Yorùbá tó pupa díẹ̀, ẹni tí kò jọ wá di àfín, wọ́n sì mú ohùn kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ eré náà kò gbà kíá, àríyànjiyàn rẹ̀ sì ní làákàyè. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ìbòjú kì í ṣe ìwọ̀sí nílẹ̀ wa. Ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún." Ó tọ́ka sí i pé Òṣogbo yìí kan náà ni Dúró Ládípọ̀ ti gbé Ọba Kò So jáde ní 1963, tó sì gbé e dé Berlin lọ́dún kejì, tí àwọn òyìnbó ń wo ọ̀run àti ayé lórí ìtàgé kan ṣoṣo. Màmá gbọ́ ọ délẹ̀. Ó ní, "Eégún ní ilé tó ti jáde. Ó ní oríkì. Ó ń fọhùn, a sì ń dá a lóhùn. Ẹ̀dá tìẹ yìí, kí ni oríkì rẹ̀?" Ọmọ náà kò rí nǹkan sọ. Orí ìbéèrè yẹn ni wọ́n wá kọ́ gbogbo iṣẹ́ tó kù lé.

Wíwọ́n ìwé eré

Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni, kò gba ju pẹ́ńsù àti ìwé onílà lọ. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo ipa sí apá òsì, wọ́n sì bi ipa kọ̀ọ̀kan léèrè: ṣé ó ní orúkọ tí ẹlòmíràn ń pè nínú eré? Ìgbà mélòó ló sọ̀rọ̀? Ṣé ẹnikẹ́ni bi í léèrè ohun kan tí òun nìkan mọ̀? Ṣé ó dá wà níwájú kámẹ́rà rí? Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ṣé ìtàn ń lọ? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ó rọrùn láti bu ọ̀rọ̀ mẹ́wàá fún ẹni tí ìtàn ò nílò. Àwọn wàká-pàásì, ìyẹn àwọn tó kàn ń kọjá nínú eré, tó ń sọ "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá" lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wàká-pàásì náà ni wọ́n.

Ohun tó jáde: ẹ̀ṣọ́ dúdú kú ní ìpín kìn-ín-ní kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀, ikú rẹ̀ sì wà níbẹ̀ kí ọ̀gá ọkọ̀ lè sunkún ni. Ẹ̀ṣọ́ Hausa ń ṣí ilẹ̀kùn. Nínú ọkọ̀ tó kọjá òṣùpá, tí ilẹ̀kùn ń fúnra rẹ̀ ṣí, mégádì Hausa ṣì wà níbẹ̀! Ará ayé kejì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní orúkọ, kò ní ọ̀rọ̀, wọn ò sì dá wà. Onímọ̀ ẹ́ńjìnnì ní iṣẹ́ gidi, òun ló tún ọkọ̀ ṣe, àmọ́ wọ́n ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé kí onímékọ̀ọ̀pù fi sẹ́lótéèpù fa ìpéńpéjú ọmọ tó bá ṣe é.

Ẹ̀tàn sẹ́lótéèpù yìí ti pẹ́. BBC ṣe é nínú Doctor Who, eré àròsọ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1977, níbi tí John Bennett, òyìnbó, ti kun ojú láti di ará Ṣáínà nínú ìtàn The Talons of Weng-Chiang. Títí di òní, ojú náà ni àwọn olólùfẹ́ eré náà kọ́kọ́ ń tọ́ka sí bí wọ́n bá dárúkọ ìtàn yẹn. Bí a bá tilẹ̀ gbé ìwà sí ẹ̀gbẹ́ kan, teepu náà kì í dúró: òógùn máa ń tú u láàárín sínì, ojú kan á ga ju èkejì lọ, aṣàtúnṣe fídíò kò sì ní lè so àwòrán méjì pọ̀. Ìdí tí olùkọ̀wé fi fẹ́ ará Ṣáínà dára o. Àwọn ará Ṣáínà ló ṣe ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021, gbogbo ayé ló mọ̀ wọ́n mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n wọn ò rí òṣèré kankan tó jẹ́ ará Ṣáínà. Òfin tí wọ́n gbà ni pé ẹ̀yà tí a kò bá rí ẹni gbé, a ò gbọdọ̀ kun ojú ẹlòmíràn fi dí i. A ó tún ipa kọ fún ẹni tó wà. Wọ́n rí ọmọbìnrin Hausa kan ní Sábó tí wọ́n bí síbẹ̀, tó ń sọ Yorùbá bí ọmọ Òṣogbo. Òun ni wọ́n fún ní ẹ́ńjìnnì. Mégádì wọgbó.

Ìwé ìpè tuntun kò dárúkọ àwọ̀ àyàfi níbi tí ìtàn bá béèrè rẹ̀, ìtàn kò sì béèrè rẹ̀ níbì kankan. Pùrodúsà ní kí ọmọ ọ̀gá ọkọ̀ jọ ìyá rẹ̀. Wọ́n bi í pé ilé Yorùbá wo ni dúdú àti pupa kì í ti inú abiyamọ kan jáde. Wọ́n wá kọ ohun tí ipa ń ṣe: "Ọ̀gá ọkọ̀: obìnrin, ọdún 35 sí 50. Ó máa ń pinnu kíá, ó sì máa ń ronú lórí rẹ̀ lóru. Ó ń bá ènìyàn mẹ́ta jiyàn ní ìpín kejì, ó borí ẹnì kan péré."

Ìdánwò tó gbọ́ ohùn ju bó ti yẹ lọ

Gbogbo ẹni tó wá ló ka ojú ewé méjì kan náà, ti ọ̀gá ọkọ̀ àti ti onímọ̀ ẹ́ńjìnnì, lọ́kùnrin lóbìnrin, ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn adájọ́ mẹ́ta kọ́kọ́ gbọ́ ohùn nìkan, wọ́n kọ máàkì sílẹ̀ kí wọ́n tó bára wọn sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n wo fídíò. Èrò ibẹ̀ ni pé kí àwọ̀ má ṣáájú ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ó ṣiṣẹ́, ó sì bàjẹ́. Ó ṣiṣẹ́ ní ti pé obìnrin adúmáadán kan tí kò ní gba fọ́ọ̀mù pàápàá tẹ́lẹ̀ gba máàkì tó ga jù fún ọ̀gá ọkọ̀. Ó bàjẹ́ ní ti pé ohùn tó jọ ti oníròyìn rédíò ni wọ́n ń fún ní máàkì. Àwọn tó ń fi Ìjẹ̀ṣà tàbí Ìgbómìnà sọ̀rọ̀ já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe pé wọn ò mọ eré ṣe. Ìtọ́sọ́nà kan tún un ṣe: wọ́n ní kí òṣèré ka ojú ewé kan bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó sì fi ẹnu ìlú rẹ̀ sọ èkejì. Ẹ̀ṣọ́ kìn-ín-ní, ọkùnrin dúdú gíga yẹn, ohùn Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n má pa á mọ́.

Fún àwọn tó fi fídíò ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn: WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀, ibi tó dúdú nínú àwòrán ló sì kọ́kọ́ ń pòórá, ìyẹn ni pé ojú adúmáadán ló ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kì í ṣe bíi fídíò. Ẹ kọjú sí fèrèsé, ẹ má kẹ̀yìn sí i.

Ọ̀rọ̀ iná

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ba ohun tí wọ́n fi ìdánwò ṣe jẹ́. Inú ilé ìkẹ́rùsí náà funfun báláú, torí bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ sánmà ṣe rí lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ti lẹ okùn iná LED aláwọ̀ búlúù mọ́ gbogbo igun. Wọ́n kó òṣèré mẹ́ta síwájú kámẹ́rà láti dán an wò: adúmáadán tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀, ọkùnrin pupa kan, àti obìnrin àfín tó lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n ti padà lọ bẹ̀ kó wá ka dókítà. Ojú ọkùnrin pupa nìkan ló hàn dáadáa. Ọ̀gá ọkọ̀ di òjìji tó ní eyín. Ojú dókítà funfun tán, èèyàn ò mọ ibi tí imú ti pín pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Pùrodúsà ní, "Ẹ rí i? Kámẹ́rà ò fẹ́ràn dúdú."

Kámẹ́rà ò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Kámẹ́rà tí a bá fi sílẹ̀ kó máa yan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ń wá bí ohun gbogbo tó rí yóò ṣe dọ́gba pẹ̀lú àwọ̀ eérú kan, èyí tó ń dá ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Ògiri funfun ń dá púpọ̀ padà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kámẹ́rà á wá rò pé iná ti pọ̀, á dín in kù, ojú dúdú á sì rì. Èyí àkọ́kọ́ nìyẹn. Èkejì ni búlúù: mẹ́láníìnì inú awọ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ búlúù mì ju pupa lọ, nítorí náà bí búlúù bá jẹ́ iná gbòógì tó ń bá ojú, awọ dúdú kò ní rí nǹkan púpọ̀ dá padà. Ẹ̀kẹta ni pé LED tí kò dára kì í ní pupa tó nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ó máa ń sọ awọ dúdú di aláwọ̀ eérú tàbí bí ewé tó rọ. Nọ́ńbà tí wọ́n ń wò lára páálí rẹ̀ ni CRI, tó ń sọ bí iná náà ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an tó. 95 sókè ni kí ẹ wá.

Ìyà yìí kì í ṣe ti òní. Káàdì tí Kodak, iléeṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù kámẹ́rà, ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọ̀tò kí wọ́n fi tún àwọ̀ ṣe, tí wọ́n ń pè ní Shirley, obìnrin òyìnbó ló wà lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àárín ọdún 1990 sí 1999 ni wọ́n tó fi àwọn àwọ̀ mìíràn sí i.

Àtúnṣe tí wọ́n ṣe nìyí. Wọ́n fi ọ̀dà tó wà láàárín eérú àti àwọ̀ ilẹ̀ kun ògiri. Wọ́n gbé káàdì eérú sí ibi tí ojú òṣèré máa wà, wọ́n fọwọ́ ara wọn yan ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì tì í pa. Iná gbòógì di pánẹ́ẹ̀lì LED kan ní 5600K (àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó jọ ti ọ̀sán), tó gba inú aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a na sórí férémù mítà 1 lé díẹ̀ níbùú lóròó. Búlúù bọ́ sẹ́yìn orí àwọn òṣèré, níbi tó ti wúlò: ó ń ya irun dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ògiri. Aṣọ fífẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì, torí awọ dúdú máa ń gbé ọ̀pọ̀ iná mì, dídán ló ń fi ìrísí ojú hàn, ohun tó bá sì tóbi ló ń dán lára rẹ̀ láìdi kókó funfun kékeré níwájú orí. Òrí bín-ín-tín ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó. Páúdà gbígbẹ tí onímékọ̀ọ̀pù fẹ́ràn ń pa dídán náà kú.

Nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ àti dókítà bá wà nínú àwòrán kan, ibi tí wọ́n dúró sí ló ń ṣe iṣẹ́. Ẹni tó dúró ní mítà 1 sí iná ń gba nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tó ń bá ẹni tó wà ní mítà 2. Ẹ jẹ́ kí adúmáadán sún mọ́ iná, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dúdú díẹ̀ bo apá tó ń kọjú sí àfín. Lórí ìlà sẹ́bírà kámẹ́rà, tó ń fi bí ibì kan ṣe mọ́lẹ̀ tó nínú 100 hàn, wọ́n fi ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú ọ̀gá ọkọ̀ sí nǹkan bí 50, ti dókítà kò sì gbọdọ̀ kọjá 70. Kì í ṣe pé kí ojú méjèèjì dọ́gba o. Iná tó bá sọ dúdú di pupa, bíbóra ló ń ṣe. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n wo àwòrán náà lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú ní ìta gbangba lọ́sàn-án, torí ibẹ̀ ni èèyàn Òṣogbo máa ti wò ó.

Àfín ní àwọn ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í rò. Iná máa ń gún wọn lójú, nítorí náà iná kò gbọdọ̀ kọjú sí i tààrà. Kó kọ́kọ́ kọlu ògiri tàbí aṣọ. Ẹyinjú ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń mì. Bí ojú ṣe rí nìyẹn, ẹ má tìtorí rẹ̀ tún sínì yà. Ìwé eré rẹ̀, kí ìwọ̀n lẹ́tà inú rẹ̀ jẹ́ 20 sókè, kó nípọn. Dípò teepu nílẹ̀ tó ń fi ibi ìdúró hàn, ẹ gbé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè bá a pàdé. Ní igbó Ìlobùú: ìpara SPF 30 sókè ní wákàtí méjì-méjì, fìlà etí gbòòrò àti ibòòji láàárín sínì kan sí èkejì.

Rọ́bà àti oríkì

Ará ayé kejì ti di ẹ̀dá tí kò ní àwọ̀ ènìyàn kankan. Òṣèré mẹ́rin tó ṣe wọ́n, dúdú méjì, pupa kan, àfín kan tó jẹ́ ọkùnrin, fúnra wọn ló yan ipa náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ilé tó ti wá, àti ẹsẹ oríkì kan tí àwọn yòókù ń kí i. Rọ́bà náà mú iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan, ó fi ẹnu àti ìpéńpéjú sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni èèyàn ti ń mọ inú ẹni.

Ṣíṣe rẹ̀: fi fáṣílíìnì pa irùngbọ̀n àti ìpéńpéjú, da álíjínéètì sójú kí ihò imú wà ní ṣíṣí (ó máa ń le láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, omi tútù ló ń fà á gùn), fi báńdéèjì píópì bò ó, yọ ọ́, da píópì sínú rẹ̀. Orí píópì yẹn ni wọ́n ti fi amọ̀ gbẹ́ ìrísí ẹ̀dá, kí wọ́n tó da sílíkónù. Àkọ́kọ́ kò gan, ó kàn ń lẹ̀ mọ́wọ́ bíi gọ́ọ̀mù. Ìbọ̀wọ́ látẹ́ẹ̀sì tí wọ́n wọ̀ ló fà á, àti amọ̀ tó ní ìmí-ọjọ́. Irú sílíkónù yẹn kò bá méjèèjì ṣọ̀rẹ́. Ìbọ̀wọ́ náílọ̀n àti amọ̀ tí kò ní ìmí-ọjọ́ ló yanjú rẹ̀. Ẹ̀bá rọ́bà di aláwọ̀ eérú lára àwọn dúdú, nítorí ọ̀dà tí wọ́n rà ní funfun nínú. Wọ́n fi pupa àti ọsàn ṣe ìpìlẹ̀ kí búráùn tó gorí rẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá fún wákàtí 24. Ẹni tí egbò rẹ̀ máa ń wú di kókó, ẹ má fi kan ibẹ̀.

Ooru ló fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní láti pa jẹnẹrétọ̀ nítorí ariwo, fáànù á dúró, etí rọ́bà á sì ṣí lókè ẹnu. Wọ́n wá to gbogbo sínì onírọ́bà sí àárọ̀ kùtùkùtù. Àwọn òṣèré béèrè pé kí wákàtí tí wọ́n fi jókòó fún lílẹ̀ wà lára wákàtí iṣẹ́ tí wọ́n máa san owó fún. Pùrodúsà kọ̀, ó tún gbà.

Ohun tí wọ́n yọ

Nígbà tí dókítà di obìnrin àfín, olùkọ̀wé sáré fi ọ̀rọ̀ méjì kún un. Àkọ́kọ́ ni sínì kan tí ẹnì kan ti ń béèrè bó ṣe di dókítà. Wọ́n yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù. Èkejì tàn wọ́n jẹ díẹ̀: ojú rẹ̀ tó ń sá fún iná ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé oòrùn ayé kejì ń gbóná sí i. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ó sọ ara rẹ̀ di oògùn tó ń gba ẹlòmíràn là, irú àbá tí àwọn tó ń pa àfín nítorí ẹ̀yà ara wọn ń gbà gbọ́. Wọ́n jẹ́ kó mọ̀ ọ́n nítorí ó ka ẹ̀rọ. Dókítà ni.

Àwòrán ìpolówó ló kù. Ẹni tó ṣe é fi ọkùnrin pupa síwájú, ó fi ọ̀gá ọkọ̀ sẹ́yìn, kékeré, ojú rẹ̀ sì ti pupa ju ti eré lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun: nígbà tí wọ́n ń polówó fíìmù Star Wars ti 2015 ní Ṣáínà, wọ́n sọ John Boyega, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, di kékeré lórí pátákó. Nígbà tí wọ́n bi oníṣẹ́ náà léèrè, ó ní fọ́tò ọ̀gá ọkọ̀ tí wọ́n fún òun dúdú jù, kò ṣeé gbé tóbi. Wọ́n wò ó, òótọ́ ni: fóònù ni wọ́n fi yà á, lábẹ́ búlúù, láàárín sínì méjì. Wọ́n tún yà á lábẹ́ aṣọ funfun náà, wọ́n sì fi kún àdéhùn pé àwòrán kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé màmá tó ń yan òṣèré ti wo bí ojú kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó àti bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Fọ́tò ìpolówó wá di iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó gbé gọ́ọ̀mù.